Kilé Tó Wà Lọ́rùn Souradjou

Salma ti ilẹ̀kùn ilé iṣẹ́ náà wọlé bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká, kó tó rí ọ̀gá rẹ̀ tó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ẹ̀yìn orí ọkùnrin náà. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń sàmì sí ilẹ̀ wà nítòsí rẹ̀. Salma kò mọ ìgbà tí òun kígbe. Ohun tó mọ̀ ni pé Hafsatou, obìnrin tó ń ta tíì lódìkejì títì, ti dé ẹ̀yìn òun, àti pé Karim, ẹnìkejì rẹ̀ níbi iṣẹ́, sáré wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi etí lé àyà ọ̀gá wọn.

"Ó ṣì ń mí," Karim wí. "Ẹ bá mi gbé e."

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Souradjou awọnlẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn ní Bassila, gbogbo ọjà sì ti gbọ́ kí oòrùn tó mú. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Láti Manigri títí dé Doguè, bí ìjà ilẹ̀ bá bẹ́ sílẹ̀, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ pè kó wá wọn ààlà, ohun tó bá sì wọ̀n, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè yí i padà. Àwọn méjì ló ń bá a ṣiṣẹ́. Salma, ọmọ Manigri, ló ń tọ́jú àwọn àwòrán ilẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Karim ló ń bá a wọ inú oko, tó ń gbé ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, òun náà máa ń jókòó ti ọ̀gá níwájú kọ̀ǹpútà, á máa bá a fa ìlà ààlà.

Ìnsípẹ́kítọ̀ Habibatou ni wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà lé lọ́wọ́. Ọmọ Ṣábẹ̀ ni, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kì í gbóhùn sókè. Bí ó bá bi èèyàn ní ìbéèrè, yóò dákẹ́ títí ìdákẹ́ náà yóò fi wúwo ju ìbéèrè lọ. Ó ní kí gbogbo èèyàn bọ́ síta, ó dúró láàárín yàrá, kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọn ò já ilẹ̀kùn. Fèrèsé wà bó ṣe wà. Ẹ̀rọ ìwọnlẹ̀ tí olówó lásán ò lè rà wà ní igun ilé, kò sẹ́ni tó wò ó. Habibatou mọ̀ pé kì í ṣe olè ló wá, àti pé ẹni tó wá náà, Souradjou mọ̀ ọ́n dáadáa, ó sì kẹ̀yìn sí i láìfòyà.

Kọ̀ǹpútà wà lórí tábìlì, ojú rẹ̀ dúdú. Habibatou tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Ó pe Salma wọlé, ó ní kó ṣàlàyé.

Ọmọbìnrin náà ní nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ àṣírí ni ọ̀gá àwọn máa ń tẹ̀ láti fi ṣí i, ṣùgbọ́n àwọn tó wá gba àwòrán ilẹ̀ máa ń yọjú wo ìka rẹ̀. Ló bá pe Abdulfatah, ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kó bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Abdulfatah sọ kilé di kọ́kọ́rọ́, kilé kékeré yẹn tí gbogbo èèyàn fi ń kó orin àti fọ́tò láti inú ẹ̀rọ kan sí òmíràn. Láti ọjọ́ náà, kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí mọ́. Bí kilé bá wọ ẹnu kọ̀ǹpútà, yóò ṣí. Ní kété tí wọ́n bá fà á yọ, ojú rẹ̀ á ṣú, kò sì sí ohun tí yóò tún ṣí i àfi kilé.

"Mélòó ni kilé náà?" Habibatou bi í.

"Méjì ni, Màdáàmù. Ọ̀kan wà lọ́rùn ọ̀gá, ó fi okùn so ó. Kì í bọ́ ọ bí ó bá ń sùn pàápàá. Ìkejì nìyí." Salma yọ tirẹ̀ nínú àpò, ó wà pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀. "Lọ́dọ̀ mi ló sùn."

"Karim ńkọ́?"

"Kò ní. Bí ó bá fẹ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá ló máa ń ṣí i fún un."

Habibatou gba kilé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tún bọ́ síta, ó lọ bá Hafsatou nídìí tíì. Obìnrin náà ń lọ́ra láti sọ̀rọ̀, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá ó jẹ́wọ́ pé òun rí Salma lánàá ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí òun ń palẹ̀ mọ́ láti lọ kírun Mọ̀gáríbì. Ọmọ náà jáde nílé iṣẹ́ pẹ̀lú ìbínú, ó ń nu ojú. Òun kò rí ẹlòmíràn, nítorí òun ti lọ sílé lẹ́yìn ìyẹn.

Salma kò sẹ́. Ó ní òótọ́ ni pé àwọn sọ̀rọ̀ líle. Ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà nílẹ̀ kan ìdílé òun gan-an. Bàbá òun, Daouda, ń bá Lamatou, opó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, fa oko kajú kan ní Manigri, Souradjou sì ti wọn ilẹ̀ náà tán, wọ́n sì ń retí kó gbé àwòrán náà wá síwájú àwọn àgbà. Salma bẹ ọ̀gá rẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó fi iṣẹ́ náà lé awọnlẹ̀ mìíràn lọ́wọ́, kí ìdílé òun má bàa máa wo òun bí ẹni tó dalẹ̀ bàbá rẹ̀. Souradjou ní òun kì í fi iṣẹ́ sílẹ̀ lágbedeméjì. Ọmọ náà sunkún lọ sílé.

Habibatou ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀. Ó fi kilé Salma sẹ́nu kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀rọ sì mọ́lẹ̀. Ó wá àwòrán oko Manigri náà títí ó fi rí i. Ìlà ààlà náà gba ìpẹ̀kun oko kọjá, ó lọ kan àmì igi ńlá kan tí wọ́n kọ "àràbà" sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀rọ náà sì fi hàn pé wọ́n fọwọ́ kan àwòrán yìí kẹ́yìn lánàá, lẹ́yìn Mọ̀gáríbì. Ó fa kilé yọ. Kò sọ ohun tó rí fún ẹnikẹ́ni, àfi ọ̀gá rẹ̀ ní kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọ̀gá náà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní kilé kan wà lọ́rùn ẹni tí wọ́n lù, ìkejì wà lọ́wọ́ ọmọ ẹni tí yóò jẹ èrè rẹ̀, kí ni wọ́n tún ń wá? Wọ́n ti Salma mọ́lé ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Ọmọbìnrin náà kò bá wọn jà. Ó kàn ń wo ojú Habibatou bí ẹni pé ó ń retí kó sọ nǹkan kan.

Habibatou gun alùpùpù, ó gba ọ̀nà Manigri. Ó bá Lamatou ní ìdí igi kajú, ó ń ṣa èso tó bọ́ sílẹ̀, ó ń yọ hóró rẹ̀ sínú agbọ̀n. Obìnrin àgbà ni, ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Habibatou kúnlẹ̀ kí i, ó sì béèrè ibi tí ààlà oko náà wà. Lamatou kò fi ẹnu sọ ọ́, ó rìn, ó mú un dé etí odò kékeré kan tí omi rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Òkúta ààlà wà níbẹ̀, ọ̀dà tí Souradjou fi sàmì sí wọn kò tíì ṣá. Ó ní ojú gbogbo àwọn àgbà ni wọ́n ṣe wọ̀n ọ́n. Àràbà wà lọ́ọ̀ọ́kán, lódìkejì oko, gbogbo igi kajú tí ọkọ rẹ̀ gbìn sì wà láàárín odò àti àràbà náà. Bí ààlà bá fi lè dé ìdí àràbà, kò ní ku ẹyọ igi kan fún un.

Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti Salma mọ́lé, ó gbé agbọ̀n rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọmọ mi, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni," ó wí. "Bàbá rẹ̀ ń bá mi jà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, nígbà tí ọkọ mi wà lórí àìsàn, òun ló ń sùn tì mí. Ẹ lọ wo ibòmíràn."

Daouda ni Habibatou kàn lọ bá. Ọkùnrin gíga ni, ó jókòó níwájú ilé pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Àwọn tó kírun pẹ̀lú rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àná ti jẹ́rìí pé kò kúrò ní mọ́ṣáláṣí títí wọ́n fi kí Ìṣáì. Ojú rẹ̀ pọ́n nítorí ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbínú ilẹ̀ náà kò tíì kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó ní àwọn èèyàn ti ń sọ pé kí àwọn parí rẹ̀ nílé, òun sì dá wọn lóhùn pé a kì í ti kọ́ọ̀tù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ilẹ̀ bàbá òun ni òun fẹ́, òun kò fẹ́ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni.

Habibatou bi í bóyá ó bá ẹnì kan sọ̀rọ̀ ẹjọ́ náà, ẹni tó sún mọ́ awọnlẹ̀.

Daouda fa tẹ̀súbáà díẹ̀. "Karim nìkan. Ó wá tọrọ ọmọ mi. Mo sọ fún un pé ẹni tí yóò jẹ́ àna mi, ẹ̀yìn mi ni yóò wà. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ nìyẹn?"

Habibatou dìde. Ó dúpẹ́, ó sì padà sí Bassila kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ní ilé ìwòsàn, Souradjou kò tíì lajú. Nọ́ọ̀sì tó gbà á lówùúrọ̀, Balkissou, ti kó àwọn aṣọ rẹ̀ sínú àpò ọ̀rá, ó sì ti tọ́jú kilé àti okùn rẹ̀ lọ́tọ̀. Habibatou bi í bí ó ṣe bá okùn náà lọ́rùn. Balkissou ronú, ó ní ohun kan tiẹ̀ ya òun lẹ́nu. Ìyàwó ọkùnrin náà, tó ti rò pé oko ló sùn sí lóru náà, ń sọ fún òun pé abẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ló máa ń fi okùn yẹn sí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Ṣùgbọ́n orí kọ́là ẹ̀wù ni òun ti bá a. Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn láti orí wá sí ọrùn, ó gbẹ mọ́ kọ́là, okùn náà sì wà lórí ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ yẹn. Habibatou mú okùn náà, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ iná. Kò sí ẹ̀jẹ̀ kankan lára rẹ̀.

Ó dì í sínú àpò ọ̀rá mìíràn, ó mú un lọ.

Lọ́jọ́ kejì, Karim wá sí kọmisáríà. Ó gbé oúnjẹ wá fún Salma, wọ́n ní Salma kò fẹ́ rí i, ó sì dá oúnjẹ náà padà. Ọ̀dọ́kùnrin náà kò sùn, ó hàn lójú rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ bá Ìnsípẹ́kítọ̀ sọ̀rọ̀. Habibatou jẹ́ kó jókòó.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ bí Salma ṣe jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́, bí kò ṣe lè gbọ́wọ́ sókè sí ẹnikẹ́ni. Habibatou ń kọ ọ́ sílẹ̀. Karim túbọ̀ ń sọ ọ́ kíkankíkan.

"Màdáàmù, Salma kò lè ṣe é. Láti gbé ààlà kúrò létí odò lọ sí ìdí àràbà, ó gba kéèyàn ti dé ibẹ̀ rí. Salma kò bá wa wọ oko yẹn rí. Kò mọ ibi tí àràbà náà wà nínú àwòrán."

Habibatou kò gbé ojú sókè lójú ẹsẹ̀. Ó kọ gbólóhùn náà tán kó tó bi í.

"Ta ló sọ fún ọ pé ìdí àràbà ni wọ́n gbé e lọ?"

Karim yíjú sí fèrèsé. Níta, ọkọ̀ ńlá kan kọjá lọ sí ọ̀nà Djougou, fèrèsé gbọ̀n.

"Mo rí i lójú kọ̀ǹpútà," ó wí níkẹyìn. "Láàárọ̀ yẹn, nígbà tí a wá gbé ọ̀gá. Àwòrán náà wà ní ṣíṣí."

Habibatou dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kó máa lọ, ṣùgbọ́n kó má kúrò ní Bassila.

Abdulfatah ti Djougou dé ní ọ̀sán ọjọ́ náà, níbi tó ti lọ tún ẹ̀rọ ilé ẹ̀kọ́ kan ṣe. Habibatou mú un lọ sí ilé iṣẹ́ Souradjou, ó sì bi í bóyá kọ̀ǹpútà lè mọ ìyàtọ̀ láàárín kilé kan àti ìkejì. Abdulfatah ní ó mọ̀ ọ́n bí ìyá ṣe mọ àwọn ìbejì rẹ̀. Nọ́ńbà tó wà nínú èyí kò sí nínú èkejì, ẹ̀rọ náà sì máa ń rántí èyí tó ṣí i àti ìgbà tó ṣí i. Ó jókòó, ó tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó sì sọ ohun tó rí. Habibatou ní kó má sọ ọ́ fún ẹlòmíràn títí dìgbà tí òun bá ní kó sọ ọ́. Ó wá ránṣẹ́ sí Manigri.

Wọ́n péjọ sí ilé iṣẹ́ náà kí oòrùn tó wọ̀. Daouda jókòó lápá kan, Lamatou lápá kejì, wọn kò wo ara wọn. Hafsatou dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ọlọ́pàá kan mú Salma wọlé, aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n mú un ṣì wà lára rẹ̀. Karim rí i, ó sì yí ojú sí ògiri.

Habibatou ní kí Karim dúró síbi tó dúró sí láàárọ̀ tí wọ́n wá gbé ọ̀gá, kó sì sọ ohun tó rí. Karim sọ ọ́. Ó ní kọ̀ǹpútà wà ní ṣíṣí, àwòrán oko wà lójú rẹ̀, ìlà sì dé ìdí àràbà.

"Hafsatou, kí ni ẹ̀yin rí?"

"Ojú rẹ̀ dúdú," ni Hafsatou wí. "Mo gbára lé tábìlì yẹn nígbà tí a fẹ́ gbé e."

Habibatou mú kilé kan jáde, ó fi sẹ́nu ẹ̀rọ. Ìmọ́lẹ̀ tàn, àwòrán oko kajú Manigri hàn, Lamatou sì na ọrùn láti wò ó. Habibatou fà á yọ. Ojú ẹ̀rọ ṣú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Láàárọ̀ yẹn, kilé kan wà lọ́rùn ọ̀gá yín. Ọrùn rẹ̀ náà ni nọ́ọ̀sì ti yọ ọ́. Ìkejì wà nínú àpò Salma, àpò náà kò sì tíì kúrò léjìká rẹ̀. Karim, kí ló wà lẹ́nu ẹ̀rọ tí ìwọ fi rí àwòrán?"

Karim wo Hafsatou, ó tún wo ẹ̀rọ náà.

"Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù fún ọ," Habibatou wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Sọ pé Salma ló fi tirẹ̀ sí i, tó sì tún fà á yọ kí Hafsatou tó wọlé. Bí o bá sọ ọ́, màá kọ ọ́ sílẹ̀. Salma ló sì máa ru ú."

Salma ń wò ó. Karim gbójú sókè, ojú wọn pàdé, ó sì mi orí pé òun kò ní sọ ọ́.

Nígbà náà ni Habibatou bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó ní okùn ọrùn Souradjou ló kọ́kọ́ là òun lójú. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn sí ọrùn rẹ̀, ó gbẹ, okùn sì wà lórí ẹ̀jẹ̀ náà láìsí àbàwọ́n kan lára rẹ̀. Ìyẹn ni pé okùn náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ẹnì kan ti bọ́ ọ, ó ti lò ó, ó sì ti dá a padà nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ. Ẹni tó bá ní kilé tirẹ̀ kò ní bọ́ tẹlòmíràn lọ́rùn. Salma ní tirẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí kò ní ló ṣe é, ẹni tó mọ ibi tí ọ̀gá ń tọ́jú rẹ̀ sí, tó mọ bí wọ́n ṣe ń fa ìlà ààlà, tó sì ti dé ìdí àràbà yẹn rí. Daouda kò mọ kọ̀ǹpútà. Abdulfatah mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n kò dé oko yẹn rí, Djougou ló sì wà. Habibatou ní òun nìkan ló ṣí àwòrán náà lẹ́yìn tí wọ́n lu Souradjou, òun kò sì dárúkọ àràbà fún ẹnikẹ́ni ní Bassila àfi ọ̀gá òun, kí Karim tó wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Ó yíjú sí Abdulfatah, ó ní kó sọ kilé tó ṣí ẹ̀rọ náà lẹ́yìn Mọ̀gáríbì ọjọ́ yẹn.

"Ti Souradjou fúnra rẹ̀ ni," Abdulfatah wí. "Ti Salma kò wọ ibẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi mọ́."

Karim jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní òun kò wá láti pa á. Òun wá bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé ìlà náà díẹ̀, kó jẹ́ kí Daouda àti Lamatou pín àwọn igi. Souradjou rẹ́rìn-ín, ó kẹ̀yìn sí òun, ó ní kí òun lọ sùn. Òun kò mọ ìgbà tí ọ̀pá irin náà dé ọwọ́ òun. Nígbà tó ṣubú tí kò mira mọ́, òun rò pé ó ti kú, òun sì rò pé níwọ̀n bí ohun tó burú jù ti ṣẹlẹ̀, kí òun kúkú parí ohun tí òun wá ṣe. Ó dá kilé padà sí ọrùn rẹ̀ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ. Kò rántí rárá pé kilé Salma nìkan ni wọn yóò máa wò.

Ó gbójú sí ọmọbìnrin náà. "Nítorí tìẹ ni mo ṣe ṣe é, Salma."

Salma kò sunkún. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Nígbà tí wọ́n tì mí mọ́lé ńkọ́? Nítorí ta ni o fi dákẹ́?"

Karim na ọwọ́ méjèèjì sí ọlọ́pàá. Wọ́n mú un jáde, àwọn èrò tó pé sí ẹnu ọ̀nà sì ya fún wọn.

Daouda kò kúrò lórí ìjókòó rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní òun kò rán Karim níṣẹ́. Nígbà tó dìde, ó ní kí Salma jẹ́ kí àwọn lọ sílé, ṣùgbọ́n Lamatou ti fa ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní ọ̀dọ̀ òun ni yóò sùn, yóò wẹ̀, yóò jẹun, kó tó bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Daouda gbà bẹ́ẹ̀.

Souradjou lajú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ó béèrè omi, lẹ́yìn náà ó béèrè Karim, àwọn tó wà níbẹ̀ sì ń wo ara wọn. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ sọ fún un, ó yíjú sí ògiri.

Nígbà tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ náà ní Manigri, orí Souradjou ṣì wà nínú báńdéèjì, kò lè wá. Salma ló gbé àwòrán tí wọ́n ti tún ṣe wá, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lamatou lórí bẹ́ǹṣì. Habibatou dúró lẹ́yìn, ó wá gbọ́ bí yóò ti parí. Àwọn àgbà ní kí Daouda kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, nítorí òun ló pe ẹjọ́.

Daouda bọ́ síwájú láàárín àwọn tó dúró. Ó wo àwòrán tí ọmọ rẹ̀ tẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò tẹ̀ ba láti yẹ̀ ẹ́ wò.

"Etí odò ni ààlà," ó wí. "Mo mọ̀ ọ́n láti kékeré."

Ó wá ibi tí yóò jókòó sí, kò rí. Lamatou sún mọ́ Salma lórí bẹ́ǹṣì náà, ó sì fi àyè sílẹ̀ fún Daouda.